Odò ẹ̀yìn àdúgbò wa lẹ́yìn òjò ńlá: kí la lè fi kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, báwo la ṣe máa ṣọ́ wọn?

Ìyá Tiwa, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òjò. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ là ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé fúnra wa, mẹ́ta ni wọ́n, àgbà wọn ti pé ọmọ ọdún 11, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 8, àbíkẹ́yìn jẹ́ 5. Apá Ọ̀pá la ń gbé ní Ifẹ̀ níbí, odò kékeré kan sì wà lẹ́yìn àdúgbò wa tó jẹ́ pé tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi ẹ̀ kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí ló yí gbogbo ẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a sùn a jí ó ṣì ń rọ̀, odò yẹn kún bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn tó ń dáko létí ẹ̀.

Nígbà tómi wá fà, bàbá wọn kó wa lọ wò ó láti orí ilẹ̀ tó ga. Háà! Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà lẹ́yìnkùlé wa. Akàn ń rìn kiri nínú koríko lọ́sàn-án gangan, lámilámi ò lóǹkà, ẹja kéékèèké há sínú àwọn kòtò omi tí odò fi sílẹ̀, ẹyẹ kan tó dúdú tó tún funfun ń fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́ lójú kan náà lókè omi kó tó já wálẹ̀ gbàà. Lálẹ́ ńkọ́, ariwo àkèré ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa nínú yàrá.

Nǹkan méjì ló wá ya gbogbo wa lẹ́nu jù. Àkọ́kọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ̀, tí nǹkan dúdú róbótó-róbótó tò sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gùn gan, ó lọ́ mọ́ koríko inú omi. Èkejì, ìhó funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ewé igi tó tẹ̀ sórí omi, bí ìgbà téèyàn bá pò ọṣẹ títí tó fi hó. Ọmọ mi àgbà ní àfi dandan kóun mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo ní kó má tíì fọwọ́ kàn án ná.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Kí ni nǹkan méjèèjì yẹn? Kí la tún lè wá níbẹ̀ tó máa di ẹ̀kọ́ gidi fún wọn, kó má kàn jẹ́ ìrìn àrìnjò lásán? Ṣé a lè mú ọmọ àkèré díẹ̀ wálé? Báwo la ṣe máa ṣe é tí omi ò fi ní ṣe wọ́n léṣe, torí bàbá wọn fọkàn sí i gan àmọ́ ẹ̀rù omi ń bà á, ìyá ọkọ mi náà ní kí lọmọ ń wá létí odò nígbà òjò. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ o.

Bàbá Tísà

Ìyá Tiwa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Bàólójì ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yín yìí sì dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè sùn kí n tó dá yín lóhùn.

Ìhó tí ẹ rí lára ewé yẹn, ilé ọmọ ni. Irú àkèré kan wà nínú igbó wa níbí tó jẹ́ pé orí igi ló ń gbé, kékeré ni, ẹ lè máa kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ má rí i. Tó bá tó àkókò tó máa yé, abo á wá ewé tàbí ẹ̀ka tó rọ̀ sórí omi, á tú omi kan tó ń yọ̀ jáde lára, á wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pò ó, á pò ó, á pò ó títí á fi hó, inú ìhó yẹn ló ń yé sí. Ìta ẹ̀ á gbẹ díẹ̀, inú á ṣì tutù, ẹja inú omi ò lè dé bẹ̀ jẹ ẹyin, oòrùn náà ò lè tètè gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ìhó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nísàlẹ̀, àwọn ọmọ á máa já bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ìdí tó fi wá ewé tó tẹ̀ sórí omi nìyẹn, tó bá jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀ wọ́n kú nìyẹn. Inú mi dùn pé ẹ ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó máa lọ wò ó láàárọ̀, kó máa ya bó ṣe rí sínú ìwé, tó bá jẹ́ orí ire, ojú ẹ̀ ló máa ṣe nígbà tí wọ́n bá ń já bọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ ló gboyè jáde tí wọn ò rí i rí o.

Okùn yẹn ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló yé e. Lókùn lókùn lọ̀pọ̀lọ́ ń yé ẹyin, àkèré sì máa ń yé tiẹ̀ ní ṣùṣù tàbí kó fọ́n ọn sójú omi. Àbíkẹ́yìn yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 lè dá ìyẹn mọ̀ láì ka ìwé kankan.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn òjò ni gbogbo ariwo yìí ń bẹ̀rẹ̀. Akọ ló ń ké lóru, ó fi ń pe abo. Wọ́n ń dúró de irú kòtò omi tí odò fi sílẹ̀ yẹn ni, torí àwọn ẹja ńlá tó máa ń jẹ ẹyin àtọmọ ò sábà sí níbẹ̀. Àmọ́ kòtò náà máa gbẹ, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ ti yọ ẹsẹ̀ kómi tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ti fi bíró sàmì sí lára wọn bí kòtò yẹn ṣe jìn tó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa wo èwo ló máa ṣáájú, ẹsẹ̀ ni àbí gbígbẹ.

Ẹja àrọ̀ náà, ìgbà yìí gan-an ló ń yé, á kúrò nínú odò, á gba inú koríko tómi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lọ, ẹyin ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ koríko. Ó lè mí afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń mí nínú omi, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ja lè máa tà á láàyè nínú báàfù tómi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ mú wọn lọ ọjà Sábó kí wọ́n lọ wo bó ṣe ń gbé ẹnu sókè gba afẹ́fẹ́, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà.

Àwọn akàn tẹ́ ẹ rí, omi ló kún ihò wọn ni wọ́n fi jáde. Akàn odò tiwa níbí yàtọ̀ sí tinú òkun. Abo ẹ̀ á kó ẹyin sábẹ́ ìbòrí ikùn ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pa, akàn kékeré odindi ló ń jáde. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ikùn ẹ̀ fẹ̀ tó ń rọra rìn, ẹ má dà á láàmú rárá, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ẹyẹ dúdú-funfun yẹn, apẹja ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàkíyèsí ibi tó ń pẹja sí nígbà tómi ṣì dọ̀tí àti ìgbà tómi bá ti tòrò, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún yín fúnra wọn kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní nípa bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ wọn: ojú kan náà ni kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má máa sáré kiri odò. Ẹ mú ibì kan, igi kan, kòtò kan, ẹ máa kọ ọjọ́, bí òjò ṣe rọ̀ sí, àwọ̀ omi, ohun tẹ́ ẹ rí, ta ló ń jẹ ta. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, ìwé yẹn á ti kọ́ wọn ju ohun témi lè kọ́ wọn nínú kíláàsì lọ.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n sà, mo ti fi ìhó yẹn han àwọn tèmi nínú fóònù.

Ìyá Tiwa, èmi ò ní ní kẹ́ ẹ má lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí iṣẹ́ mi. Omi ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, kó tó kan ejò. Omi tó ń sáré tí ò ju orúnkún àgbàlagbà lọ lè gbé e ṣubú, ọmọ ọdún 5 kò ní lè dúró nínú ẹ̀ rárá. Òjò sì lè máa rọ̀ lókè ọ̀hún kí oòrùn máa ràn lọ́dọ̀ yín, omi á kàn dé lójijì ni. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ 1980 mọ ohun tí Ògùnpa ṣe, odò táwọn ọmọ ń fo kọjá tẹ́lẹ̀ ló kó ilé àtèèyàn lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí òjò rọ̀ ẹ má lọ, ọjọ́ kejì ẹ wò ó lókèèrè bí bàbá wọn ṣe ṣe yẹn, ẹ jẹ́ kómi padà sí ojú ọ̀nà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ tómi ṣàdédé dọ̀tí, tó ń gbé ewé àti igi bọ̀, tàbí tí ariwo ẹ̀ yí padà, ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ gun òkè lọ. Àgbàlagbà kan fún ọmọ kékeré kan, ọwọ́ nínú ọwọ́, ẹni yẹn ò gbọdọ̀ máa tẹ fóònù.

Ejò: omi ti kún ihò tiwọn náà, wọ́n ń wá ibi gbígbẹ, àkèré tó pọ̀ yẹn sì loúnjẹ wọn. Bàtà òjò tó ga, ṣòkòtò gígùn, igi lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú kó máa fi na koríko kó tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ ihò akàn. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ọmọ jẹ, kí Ọlọ́run má jẹ́ ẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má jẹ́ kọ́mọ rìn, ẹ gbé e jẹ́ẹ́ lọ ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, OAUTHC wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild wà ní Ilẹ́ṣà. Ẹ tún ṣọ́ ìjàlọ o, àwọn náà máa ń kó jáde lẹ́yìn òjò, ọmọdé sì máa ń dúró lé wọn lórí láì mọ̀.

Èyí tí àwọn òbí kì í sábà rò ni àtọ̀sí ajá, èyí tọ́mọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tó ń fà á máa ń gbé nínú àwọn ìgbín omi kéékèèké, á jáde sínú omi, á sì gba awọ ara wọlé, ọmọ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ibi tómi ti dúró sójú kan tàbí tó ń rọra lọ, tí koríko wà, ló ti wọ́pọ̀ jù, ọ̀sán sì ni wọ́n ń pọ̀ lójú omi. Torí náà ẹ máa lọ láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi asẹ́ tó ní ọ̀pá gígùn wa nǹkan láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má wọnú ẹ̀, kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí pé ilé lẹ ti ń kọ́ wọn: oògùn tí ìjọba ń pín fún àtọ̀sí ajá àti aràn inú, ilé-ìwé ni wọ́n máa ń pín in sí jù. Ọmọ tí kò bá lọ ilé-ìwé, ó rọrùn kí wọ́n fò ó. Ẹ lọ bèèrè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà ládùúgbò yín, ẹ ní ọmọ yín wà láàárín ọdún 5 sí 14, wọ́n á sọ ìgbà tí wọ́n ń pín in fún yín. Tọ́mọ bá sì ní ìtọ̀ òun pupa, ẹ má dúró de pínpín kankan, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó ní oògùn.

Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan nǹkankan, pàápàá ọ̀pọ̀lọ́, torí oró funfun tó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀ yẹn, kó má lọ kan ojú tàbí ẹnu. Ẹni tó bá ní egbò kó wé e dáadáa tàbí kó dúró sílé lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì mú akàn jẹ, ẹ sè é jinná dénú, akàn odò tí ò jinná lè gbé aràn wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá Ìbejì, Ilẹ́ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Àwa náà là ń kọ́ tiwa nílé níbí ní Ilẹ́ṣà, odò sì ni kíláàsì tí wọ́n fẹ́ràn jù, kí n sọ àwọn tó ṣiṣẹ́ fún wa.

Òjò gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. A gé orí ike ẹlẹ́rìndòdò, a dojú orí ẹ̀ bolẹ̀ sínú ìsàlẹ̀ ẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sísàlẹ̀ kó má ṣubú, a da omi sí i títí ó fi bo òkúta ká lè ní ibi tí a ó ti máa kà á, a lẹ rúlà mọ́ ọn lára, a gbé e sí gbangba. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan géérégé. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ìyẹn fún wọn ìṣirò dé nìyẹn, òrùlé tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, òjò 50 mílímítà, lítà 5,000 ló bọ́ sórí ẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́nà igba! Àwọn tèmi pariwo. Látìgbà yẹn wọn ò bi mí mọ́ pé kí ló ń mú odò kún.

Lẹ́yìn náà ẹ bu omi odò sínú ìgò tó mọ́ lójú, ẹ gbé e sójú kan mọ́jú. Iyanrìn á kọ́kọ́ jókòó, erùpẹ̀ kúnná á tẹ̀lé e, amọ̀ ló máa kẹ́yìn, òmíràn ò ní tòrò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fi rúlà wọn ipele kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́yìn òjò, tẹ́ ẹ tún ṣe é lóṣù kejìlá, ẹ to ìgò méjèèjì síra, àwọn fúnra wọn á sọ fún yín pé ilẹ̀ oko èèyàn ló ń bá omi lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bómi ṣe ń sáré tó, ẹ wọn mítà 10 létí odò, ẹ ju èpo ọsàn sí i, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Etí odò lẹ máa dúró sí o, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí.

Ẹ tún wá tanwíji. Inú kòtò omi, inú táyà, inú agolo, ẹ bù ú sínú abọ́ funfun, ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró. Àwọn tó dùbúlẹ̀ gbalaja sójú omi ló máa di ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, àwọn tó dorí kodò tí wọ́n na ìdí sókè ni irú àwọn yòókù. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí wọ́n á ti fò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wá ọmọ lámilámi, inú omi lòun náà ti ń dàgbà kó tó níyẹ̀ẹ́, ẹrẹ̀ ló ń fara pa mọ́ sí, tanwíji ló sì ń jẹ, ó ń jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá. Ẹ fi òun àti tanwíji sínú abọ́ kan náà, ẹ fún àwọn ọmọ láyè kí wọ́n wò ó. Àwọn tèmi ò gbà kí ẹnikẹ́ni pa lámilámi mọ́ nínú ilé wa. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ da tanwíji tó kù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ má dá a padà.

Ohun kan tó jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbọ́ ọ. Wúrà wà nínú ilẹ̀ tiwa níbí, àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ sì ń fọ̀ ọ́ nínú odò. Gbogbo wa la mọ ohun tójú Odò Ọ̀ṣun rí, bómi ẹ̀ ṣe di pupa-rẹ́súrẹ́sú. Odò tó pọ́n lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ pupa wa ló fà á, ìyẹn ò burú, á tòrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ odò tó pọ́n láàárín ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kankan ò rọ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lókè ẹ̀. Mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń kó wúrà jọ, òjé náà máa ń wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́. Ní Zamfara ní 2010, òjé láti ibi wúrà yìí ló pa ọmọ tó lé ní 400. Èmi ò ní mú ọmọ mi lọ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà bó ti wù kẹ́yẹ ibẹ̀ pọ̀ tó, a ò sì ń jẹ ẹja tàbí akàn ibẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko létí odò, wọ́n mọ ibi tómi ti ń wá ju gbogbo wa lọ. Apá Ọ̀pá tiyín mi ò gbọ́ irú ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì bèèrè.

Tóba

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára. Àmọ́ ìdánwò ń bọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa béèrè ìhó àkèré nínú júníọ̀ WAEC, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì máa fi béèrè. Ọmọ ọdún 11 yẹn ṣé kò yẹ kó wà nínú kíláàsì pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀, kó jẹ́ pé Sátidé lẹ máa lọ odò?

Àǹtí Mọ́dákẹ́kẹ́

Tóba, ìbéèrè tó tọ́ lo béèrè, jẹ́ n dá ẹ lóhùn dáadáa. Ìlú wa yìí gan-an ló ti dáhùn ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà mú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́ níbí, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà odindi, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ní tísà tiẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn o, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ọmọ tó ti rí i kí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kó tó yọ ti iwájú, kò sí èdè tí wọ́n máa fi bi í tí kò ní mọ̀ ọ́n, orúkọ tó wà nínú ìwé nìkan ló kù kó kọ́, ìyẹn ò sì gba àkókò.

Ohun tí mo máa sọ fún Ìyá Tiwa ni pé òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìjọba, sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ, nítorí náà ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn dáadáa, ìwé odò yẹn wà lára ẹ̀, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣe ìdánwò tàbí wọ ilé-ìwé kẹ́ ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi hàn. Ẹ ṣí Basic Science ti kíláàsì ẹ̀, ẹ máa wo ibi tí ohun tẹ́ ẹ rí lódò ti bọ́ sí i. Ibùgbé ẹ̀dá alààyè, ta ló ń jẹ ta, bí ẹ̀dá ṣe ń dàgbà, omi àti ìlera, ogbara tó ń kó ilẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ sì wà nítòsí OAU, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò. Mùsíọ́mù kan wà nínú ọgbà yẹn tó jẹ́ ti ẹranko, ewéko àti òkúta, Natural History Museum ni wọ́n ń pè é, ẹ lè kó wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè dé odò, kí wọ́n lọ wo ẹ̀dá tí wọ́n rí ní gbangba bó ṣe rí nítòsí. Ìdídò Ọ̀pá náà wà nínú ọgbà yẹn, odò yín lè máa ṣàn lọ bá a, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn kẹ́ ẹ fi máàpù fóònù tọ ipa omi yẹn títí dé ibi tó parí sí.

Ìyá Tiwa, Ilé-Ifẹ̀

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá Tísà ẹ ṣé gan sà, Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé mà, mo ti lọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, òótọ́ ni, wọ́n ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n pín in nílé-ìwé ni kí n kó tiwa wá, mi ò bá má mọ̀ láéláé.

A ti mú ojú kan, ìdí igi tí ìhó yẹn wà. Bàbá wọn ló ń ṣáájú pẹ̀lú igi, ó ti so okùn mọ́ àárín igi méjì, ibi tí okùn wà lẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá. Ìhó yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nísàlẹ̀, a dúró, a dúró, méjì já bọ́ sómi lójú gbogbo wa, pọ́tọ́, pọ́tọ́, àbíkẹ́yìn mi ń fò sókè pé wọ́n ti dé! Màámi tó ní kí lọmọ ń wá létí odò náà ti ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lónìí, wọ́n tún kọ́ wọn ní orúkọ koríko mẹ́ta tí mi ò mọ̀. Tóba, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Basic Science mọ́ ìwé odò, ìyẹn náà dára.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ káwọn mú ọmọ àkèré wálé. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni wọ́n ń jẹ?

Bàbá Tísà

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ mú díẹ̀, márùn-ún tó, inú kòtò tó ti fẹ́ gbẹ ni kẹ́ ẹ ti mú wọn kẹ́ ẹ má lọ dín tinú odò kù. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni kẹ́ ẹ mú, àwọn dúdú kéékèèké tó máa ń wọ́ lọ pọ̀ yẹn. Ọmọ àkèré ńlá tí wọ́n máa ń jẹ lọ́bẹ̀ ò ṣeé kó pọ̀, ẹran ni tiwọn, wọ́n á jẹ àwọn yòókù tán, wọ́n á tún jẹra wọn, ìyẹn á sì da àwọn ọmọ láàmú.

Abọ́ fífẹ̀ ló dáa, kí omi má jìn. Omi odò tàbí omi òjò ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ní sè é. Ewé tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ bọ̀ lómi gbígbóná kó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn, bíńtín báyìí, èyí tí wọn ò bá jẹ ẹ kó o kúrò lọ́jọ́ kejì kó má bà jẹ́ sínú omi. Ẹ máa pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ má pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè tó oṣù kan kó tún lé kí wọ́n tó di ọ̀pọ̀lọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ gbé òkúta sínú ẹ̀ tí orí ẹ̀ yọ jáde lómi, torí pé wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mí afẹ́fẹ́ nìyẹn, tí wọn ò bá rí ibi gùn wọ́n á kú sómi. Ẹ da nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹ̀fọn má lọ yé síbẹ̀.

Tí ìrù wọn bá ti tán, ibi tẹ́ ẹ ti mú wọn gan-an ni kẹ́ ẹ dá wọn padà sí, nírọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá tutù, kí oòrùn má gbẹ wọ́n kí wọ́n tó ríbi sá sí. Ẹ má kó wọn lọ odò míì. Kí àgbà kọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ, ọjọ́ tí ti iwájú yọ àti ọjọ́ tí ìrù tán sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ síbí, mo fẹ́ rí i.